Sáà Bọ́ọ̀lù Barcelona àti Orúnkún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà ní àdúgbò wa ní Amùkòkò kún débi pé àwọn kan dúró síta, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń wòran. Barcelona ń bá Inter wàákò ní ìlú Milan, ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá ìdíje Champions League. Ọ̀mì ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, àmì ayò mẹ́ta sí mẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Inter ló kọ́kọ́ gbá méjì sáwọ̀n. Barcelona dá méjèèjì padà, wọ́n sì gbá ẹ̀kẹta nígbà tí àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn ọ̀dọ́ bọ́ sí títì, wọ́n ń jó. Kí ijó náà tó gbóná, Acerbi ti dá ọ̀kan padà fún Inter. Nígbà tí wọ́n fi àkókò kún un, Frattesi gbá ẹ̀kẹrin wọlé. Àròpọ̀ rẹ̀ di méje sí mẹ́fà, Barcelona sì di èrò ilé.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bú sẹ́kún. Ó ní, "Bàbá kékeré, sáà yìí ti bàjẹ́ pátápátá."

Mo wò ó tìyanu-tìyanu. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn, Barcelona ti na Real Madrid ní márùn-ún sí méjì ní ìlú Jeddah, wọ́n sì gba ife Supercopa. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin, wọ́n tún na Madrid ní mẹ́ta sí méjì ní Seville, wọ́n gba ife Copa del Rey. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ẹkún ọmọ yìí tí wọ́n tún fi gba ife líìgì. Ife mẹ́ta nínú sáà kan, ọmọ wa sì ní sáà náà bàjẹ́.

Baba rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbọọrọ síwájú bó ṣe máa ń nà án láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Jẹ́ kó sunkún. Àwa náà ti sunkún Barcelona rí." Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi rántí ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí. Bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú níí wò; bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn níí wò.

Sáà 1996 sí 1997 ni sáà tiwa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi sì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Èbúté Apápá ni baba wa ti ń ṣiṣẹ́, yàrá kan ṣoṣo ni a sì ń gbé nínú ilé oníyàrá méjìlá, tí ìlẹ̀kùn kojú sí ìlẹ̀kùn. Yorùbá wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Ìjọ̀ àti Ùròbò wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù nìkan ni gbogbo ilé máa ń fohùn ṣọ̀kan lé lórí.

Ní òpin ọdún 1996, nígbà tí sáà ti dé àárín, Barcelona ra Emmanuel Amuneke láti Sporting ti ìlú Lisbon. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dáyé nígbà náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Amuneke yìí ló gbá àmì ayò méjèèjì tí Nàìjíríà fi na Zambia nínú àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Tunis lọ́dún 1994. Òun ni wọ́n sì fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jùlọ ní Áfíríkà lọ́dún náà. Nínú ìdíje Òlímpíìkì Atlanta, ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹjọ ọdún 1996, òun ló gbá ẹ̀kẹta tí a fi na Argentina ní mẹ́ta sí méjì, tí góòlù fi di tiwa. Àwọn ará Ajégúnlẹ̀ máa ń ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti Samson Siasia, Taribo West àti Jonathan Akpoborie bí wọ́n bá ń ka àwọn ọmọ àdúgbò tí ẹsẹ̀ wọn gbé débi gíga. Ṣé ẹ wá rí i pé, nígbà tó wọ Barcelona, ṣe ló dà bí ẹni pé àdúgbò wa ló wọ̀ ọ́.

Barcelona ìgbà náà kì í ṣe kékeré. Bobby Robson ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ronaldo ọmọ Brazil wà níwájú, Figo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, Guardiola tó wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá ńlá lónìí wà láàárín. Ronaldo nìkan gbá àmì ayò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nínú líìgì. Gbogbo ẹgbẹ́ gbá 102 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjìlélógójì. A kò ní ẹ̀rọ tí ń gba àwòrán láti òkèèrè. Rédíò ni a fi ń gbọ́ ọ, tí iná ọba bá wà. Bí kò bá sí, bátìrì la máa ń dá owó rà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a ó lọ dúró sí ìdí àtẹ fẹ́ńdọ̀ oníwèé ìròyìn, a ó ka ojú ìwé àkọ́kọ́ láìsan kọ́bọ̀, títí tí fẹ́ńdọ̀ yóò fi lé wa.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1997, Atlético Madrid gbá mẹ́ta sáwọ̀n Barcelona kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí nínú ìdíje Copa del Rey. Barcelona padà wá, wọ́n na wọ́n ní márùn-ún sí mẹ́rin. Bí a bá ro ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì pọ̀, méje sí mẹ́fà náà ni. Iye kan náà tó pa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́kún lọ́dún 2025 ló pa àwa lẹ́rìn-ín lọ́dún 1997. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún, ní Rotterdam, Ronaldo gbá pẹnáritì kan wọlé, wọ́n na Paris Saint-Germain ní oókan sí òdo, wọ́n gba ife Cup Winners' Cup ti ilẹ̀ Yúróòpù.

Líìgì ló bọ́ lọ́wọ́ wọn. Real Madrid ní póíǹtì 92, Barcelona ní 90. Póíǹtì méjì péré! Ẹ wá wo ẹni tó gba póíǹtì lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ kékeré kan láti Alicante, tí wọ́n ń pè ní Hércules, na Barcelona nílé, ó tún nà wọ́n lóko. Nígbà tí sáà parí, Hércules yìí gan-an já bọ́ sí ìpele kejì. Bàbá Ìgbò tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa máa ń sọ pé kì í ṣe erin ló ń gún èèyàn lẹ́sẹ̀, ẹ̀gún ni.

Àṣekágbá Copa del Rey ni ó pín ilé wa sí méjì. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ni, Betis ni Barcelona fẹ́ kojú, Finidi George ọmọ Nàìjíríà sì wà ní Betis. Ronaldo ti bá ikọ̀ Brazil lọ sí ìdíje wọn. Àwọn kan nínú ilé ní Amuneke làwọn ń tẹ̀ lé, àwọn kan ní ti Finidi làwọn ń ṣe. Finidi gbá ọ̀kan sáwọ̀n Barcelona, ìdajì ilé pariwo. Pizzi dá a padà, ìdajì kejì pariwo. Figo gbá ẹ̀kẹta nígbà tí wọ́n ti fi àkókò kún un. Barcelona gba ife, mẹ́ta sí méjì. Ìyá wa, tí kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí orí, bi wá pé ọmọ ta ló borí. Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, "Ìyá mi, ọmọ yín ni."

Ohun tó wí yẹn kì í ṣe àwàdà lásán. Ẹsẹ̀ òsì ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń gbá bọ́ọ̀lù, bí Amuneke. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló máa ń sá, bí Amuneke. Amuneke náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iṣẹ́ jórinjórin ló ń kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, oṣù mẹ́fà ló sì kù kó ṣe ìgbòmìnira. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Amuneke ti wọ Barcelona ni kò ti fi gbogbo ara sí iṣẹ́ mọ́. Baba wa pè é lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn dé ibi iṣẹ́, ọwọ́ lèèyàn fi ń ṣe é. Má fi ọ̀kan ta èkejì." Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, ó ní òun gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, pápá ló lọ.

Ní oṣù Keje, ìròyìn tàn ká pé ọkùnrin kan tó ń kó agbábọ́ọ̀lù lọ sókè òkun ń bọ̀ wá wòran lọ́jọ́ Sátidé. Orúnkún ẹ̀gbọ́n mi ti wú láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi òrí pa á. Ó bi mí pé, "Àbúrò, ṣé kí n sinmi lónìí?"

Mo ti fọ́nnu káàkiri àdúgbò. Mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi pé wọn yóò rí ohun tí ojú kò rí rí. Mo dáhùn pé, "Amuneke kì í sinmi."

Ó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Kò tíì pé ogún ìṣẹ́jú tó fi yí ẹsẹ̀ padà nínú ẹrẹ̀, tí ara sì ń lọ síbì kan, tí orúnkún ń lọ síbòmíràn. Èmi tí mo wà lẹ́bàá ìlà gbọ́ ìró rẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ní ó ń bọ̀ náà kò wá.

Owó tí wọ́n bèèrè fún iṣẹ́ abẹ kọjá owó oṣù baba wa lọ́nà púpọ̀. Baba kan tó ń to eegun ló tọ́jú rẹ̀, pẹ̀lú àdí àti pákó. Orúnkún náà san débi tó lè san dé, ṣùgbọ́n kò ká délẹ̀ mọ́ títí di òní.

Nínú sáà tó tẹ̀ lé e, orúnkún Amuneke fúnra rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Barcelona gba líìgì àti Copa del Rey lọ́dún 1998 lábẹ́ Louis van Gaal, ara Amuneke kò sì yá. Kò lè bá Nàìjíríà lọ sí ife àgbáyé ní Faransé. Ìdí àtẹ fẹ́ńdọ̀ la ti kà á. Ẹ̀gbọ́n mi fi igi tì lábẹ́ abíyá, ó ka ìròyìn náà tán, ó dá ìwé padà sórí àtẹ, ó ní, "Ó mà ṣe o. Tòun náà." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó padà sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó parí iṣẹ́ rẹ̀, irin ló sì fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta.

Èyí ni mo rò títí lálẹ́ ọjọ́ tí Inter na Barcelona. Ọmọ tó ń sunkún yìí ti sọ fún wa pé òun kò fẹ́ lọ sílé ìwé mọ́, pé bọ́ọ̀lù nìkan lòun fẹ́ dojú kọ. Orúkọ Lamine Yamal ló wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀. Nígbà tí a délé, mo pe òun àti baba rẹ̀ jókòó. Mo sọ ohun tí n kò sọ rí láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n: pé èmi ni mo ní kó má sinmi.

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tèmi ni ẹsẹ̀." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó sì fi ibi tí orúnkún náà ti rí wúruwùru hàn án fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní, "Gbá bọ́ọ̀lù rẹ. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ni ìwọ yóò ti máa lọ sí pápá, ilé ìwé náà ni ìwọ yóò sì padà sí. Lọ́jọ́ tí orúnkún bá sì wú, sinmi, ẹni yòówù tí ì báà máa wòran."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò kọ èyí láti ba bọ́ọ̀lù jẹ́. Odion Ighalo, ọmọ tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, wà lára àwọn tó gbé Granada wọ líìgì àgbà Sípéènì lọ́dún 2011, lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì tí ẹgbẹ́ náà ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ife nìkan ni a máa ń kà, a kì í ka orúnkún. Ẹni kan tó dé òkè òkun, gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ń tiro káàkiri Amùkòkò, Bọ́ńdìrì àti Tolú, ta ló kọ orúkọ wọn sílẹ̀?

Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ béèrè ìlera ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè iye àmì ayò tó gbá. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó jọ fún ìdíje àdúgbò, ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹni tó bá fara pa. Kò yẹ kó jẹ́ pé ife nìkan ni gbogbo owó ń bá lọ. Amuneke fúnra rẹ̀ kò kú pẹ̀lú orúnkún. Ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, òun ló sì kó àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún lọ gba ife àgbáyé ní Chile lọ́dún 2015, Victor Osimhen sì wà lára wọn. Ó ní ohun mìíràn tó lè fi ọwọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ ṣe.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sílé ìwé. Ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Baba rẹ̀ máa ń jókòó lẹ́bàá ìlà, á na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbọọrọ, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára orúnkún ọmọ náà.