Ta Ni Ó Ni Àga Gíwá?

Púpọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹ sì máa ń bi wá pé kí ni ó dé tí ìjà fi ń bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ yan Gíwá.

Ní ọdún 1962 ni a dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku, onímọ̀ ewéko, sì ni Gíwá àkọ́kọ́. Nígbà tí sáà rẹ̀ pé ní 1965, àwọn olùkọ́ àgbà fẹ́ kí ó tún jókòó. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ alákòóso, èyí tí ìjọba yàn, kọ̀, wọ́n sì mú Ọ̀mọ̀wé Saburi Biobaku, ọmọ Abẹ́òkúta. Ẹ rántí irú ìgbà tí í ṣe: ariwo ìbò oṣù Kejìlá 1964 kò tí ì rọlẹ̀. Ìgbò ni Njoku, Yorùbá ni Biobaku. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì bèèrè ohun mìíràn mọ́ kí wọn tó dájọ́. Ilé ẹ̀kọ́ dàrú, a tì í pa, àwọn olùkọ́ kan sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, akẹ́kọ̀ọ́ kan gún Biobaku lọ́bẹ. Ọlọ́run yọ ọ́, kò kú.

A kò ní sọ pé Biobaku kò yẹ. Ọkùnrin náà kàwé, ó kọ ìtàn Ẹ̀gbá, ó sì ti ṣe akọ̀wé àgbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ohun tí ó dùn wá ni pé wọn kò jẹ́ kí ó wọlé bí ẹni tí ó yẹ. Àwa tí a ti ń kọ ìwé ìpàdé láti ọjọ́ pípẹ́ ti rí irú rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan: lẹ́tà ẹni ńlá kan ti dé kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti tán. Ọ̀gá tí wọ́n yàn mọ iṣẹ́ (a jẹ́rìí rẹ̀), síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kò sí ìwé èsì ìdánwò tí ó fi ránṣẹ́ tí àwọn òbí kò yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Njoku lọ di Gíwá ní Nsukka ní 1966. Biobaku padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì farada á. Ẹni tí ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1972, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ade Ajayi, ni ìjọba ológun yọ ní 1978, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fárígá nítorí owó oúnjẹ tí ìjọba fúnra rẹ̀ fi kún.

Òfin ọdún 2003 fi yíyan Gíwá àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ lé ìgbìmọ̀ alákòóso lọ́wọ́. Ìjọba náà ni ó sì ń yan alága ìgbìmọ̀.