Iṣẹ́, Ìṣẹ́ àti Òṣùwọ̀n

Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, àjọ tí ó ń bójú tó ètò ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí NBS, kéde pé nínú gbogbo àwọn tí ó tó iṣẹ́ ṣe tí wọ́n sì ń fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ìparí ọdún 2020, ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, àjọ kan náà kéde pé ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà, ìdá 4.1 péré ni wọ́n. Láàárín ìkéde méjèèjì yìí, a kò gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ ńláńlá ṣílẹ̀kùn gba àwọn ọ̀dọ́ wọlé ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ fi fò sókè. Ibo wá ni àwọn aláìníṣẹ́ náà gbà lọ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín. Àwọn mìíràn bínú, wọ́n ní irọ́ gbuu ni. Ní tèmi o, n kò gbà pé irọ́ ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ra gàrí lọ́jà rí. Bí ọlọ́jà bá gbé kóńgò kékeré sílẹ̀ tí ó mú ńlá, iye kóńgò tí yóò wọ̀n nínú àpò kan náà yóò dín kù, bẹ́ẹ̀ ni gàrí inú àpò kò dín ní ẹyọ kan. Òṣùwọ̀n ni wọ́n pààrọ̀.

Nínú òṣùwọ̀n àtijọ́, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó ogún wákàtí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, aláìníṣẹ́ ni. Nínú ti tuntun, ẹni tí ó bá ti fi wákàtí kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ owó láàárín ọ̀sẹ̀ náà ti bọ́ kúrò lára aláìníṣẹ́. Kì í ṣe Àbújá ni wọ́n ti hùmọ̀ rẹ̀. Àjọ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ìyẹn ILO, ni àwọn onímọ̀ ìṣirò láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti péjọ sí ní ọdún 2013, tí wọ́n fẹnu kò lórí ìlànà tí wọn yóò máa tẹ̀ lé. Àǹfààní wà níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi tiwa wé ti Gánà tàbí ti Bẹ̀nẹ̀, ó yẹ kí kóńgò gbogbo wa dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ tí irú òṣùwọ̀n yìí ti bá ìgbésí ayé mu. Ní Gẹ̀ẹ́sì tàbí Jámánì, bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, ìjọba ní owó tí ó máa ń san fún un kí ó fi gbọ́ bùkátà títí yóò fi rí òmíràn. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè fara balẹ̀ wáṣẹ́. Ní ilẹ̀ tiwa, ta ni yóò bọ́ ọ bí o bá jókòó? Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí yóò ta omi inú ọ̀rá lọ́la. Èyí ni pé àìníṣẹ́ rárá, ohun tí apá tálákà kò ká ni.

Àwọn olùwádìí ti rí èyí tipẹ́, ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín sì ni wọ́n ti rí i. Ní àwọn ọdún 1960, Keith Hart gbé láàárín àwọn aṣíkiri láti àríwá Gánà ní àdúgbò Nima ní Àkírà. Ó rí i pé àwọn tí ìjọba kà sí aláìníṣẹ́ kò jókòó: wọ́n ń rà, wọ́n ń tà, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń yáni lówó. Àpilẹ̀kọ tí ó gbé jáde ní ọdún 1973 wà lára ohun tí ó la ojú àwọn ìjọba àti àwọn àjọ àgbáyé sí iṣẹ́ tí kò sí nínú ìwé ìjọba. Ní Ìbàdàn pẹ̀lú, láàárín ọdún 1960 sí 1969 kan náà, Archibald Callaway ṣe ìwádìí nípa àwọn ọmọ tí ó jáde ilé-ìwé tí wọn kò ríṣẹ́, àti nípa àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ẹnu ọ̀nà wa ni wọ́n ti bá a.

Ẹnu ọ̀nà tèmi náà kò ṣófo. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí ó ń ta ata àti àlùbọ́sà. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ó ti ń pàtẹ, ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí ó tó palẹ̀ mọ́, ọjọ́ mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: wákàtí rẹ̀ lé ní ọgọ́rin. Bí akọ̀wé ìṣirò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kì í ṣe aláìníṣẹ́. Kò tilẹ̀ sí lára àwọn tí iṣẹ́ wọn kò kún tó, nítorí àwọn tí kò tó ogójì wákàtí, tí wọ́n sì ń fẹ́ sí i, ni wọ́n ń kọ sí abẹ́ ìyẹn. Síbẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí èrè oòjọ́ rẹ̀ kò ra oúnjẹ alẹ́ fún ilé rẹ̀. Nínú ìwé ìṣirò, ara obìnrin náà dá ṣáṣá.

Níbí ni èdè wa ti ní ohun kan láti sọ. Ohùn nìkan ni ó ya iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìṣẹ́, àwọn baba wa sì mọ̀ pé ènìyàn lè ní méjèèjì pọ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń kí òṣìṣẹ́. A ń kí aláró pé, “Àrẹdú o,” kí aró rẹ̀ lè mú. A ń kí àgbẹ̀ pé, “Àròkó bọ́dún dé.” A ń kí ọlọ́jà pé kí ajé wọ igbá. Kò sí èyí tí ó béèrè wákàtí nínú gbogbo ìkíni wọ̀nyí. Ibi tí iṣẹ́ yóò já sí ni wọ́n ń béèrè. Iṣẹ́ àṣelà yàtọ̀ sí iṣẹ́ àṣedànù, bí òógùn méjèèjì tilẹ̀ dọ́gba.

Bí a bá fi ojú yìí ka ìwé NBS ti ọdún 2023, a ó rí i pé òótọ́ tí ó wúlò jù wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe 4.1 tí gbogbo ènìyàn ń jà lé lórí. Ìwé náà sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, nǹkan bí 12 péré ni ó ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nǹkan bí 75 ni ó ń ṣòwò ara wọn tàbí tí ó ń dáko. Iṣẹ́ àwọn tí ó lé ní 92 ni kò sì ní ààbò kankan lábẹ́ òfin. Ẹ gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwádìí ìṣẹ́ àti òṣì tí àjọ kan náà gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, èyí tí ó wo ìlera, ẹ̀kọ́, ilé gbígbé àti iṣẹ́: mílíọ̀nù 133 ènìyàn, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún, ni ó wà nínú ìṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó kéré jù, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 27. Sókótó ni ó pọ̀ jù, ó lé ní 90.

Ohun tí olóṣèlú bá mú nínú àwọn iye wọ̀nyí ni yóò pinnu ohun tí yóò ṣe. Bí ó bá di 4.1 mú, yóò ní iṣẹ́ ti wà fún tẹrú-tọmọ, yóò sì sùn. Bí ó bá di 92 mú, yóò mọ̀ pé iná mànàmáná tí kì í kú, ọ̀nà oko tí ó dán, ilé ìtajà tí òjò kò jò wọ̀, àti owó yíyá tí èlé rẹ̀ kò gun ni ìyá aláta nílò, kì í ṣe ìwé ìgbaniṣíṣẹ́. Bí ó bá sì wo Oǹdó àti Sókótó pa pọ̀, yóò mọ̀ pé oògùn kan kò lè wo gbogbo ìpínlẹ̀ sàn. Èyí ni èrè ìwádìí. Ẹni tí ó bá ju gbogbo rẹ̀ nù nítorí pé iye kan kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ti ju ohun tí ì bá fi bá ìjọba wíjọ́ nù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ kí a padà sí 33.3, nítorí pé ó ń dun ìjọba. Ṣùgbọ́n a kì í yan òṣùwọ̀n nítorí ẹni tí yóò dùn. Ẹ jẹ́ kí wákàtí kan dúró, kí a lè fi ara wa wé aráyé. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ìbéèrè kejì máa tẹ̀ lé e nígbà gbogbo, kí wọ́n sì máa kéde ìdáhùn méjèèjì ní ọjọ́ kan náà, ní ojú ewé kan náà, ní èdè tí àwọn tí a kà yóò gbọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ǹjẹ́ o ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí? Ìbéèrè kejì, èyí tí àwọn ìkíni wa ti ń bi òṣìṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ni: ǹjẹ́ iṣẹ́ náà bọ́ ọ?