Apààyàn Lẹ́nu Ọ̀nà

Kí ló ń sọ ìṣe kan di rere, tó sì ń sọ òmíràn di búburú? Ọ̀rọ̀ irọ́ pípa tètè ń fi hàn bí àwọn onímọ̀ ṣe ta kora lórí ìbéèrè yìí.

Immanuel Kant, ọ̀jọ̀gbọ́n ará ìlú Königsberg, kọ ọ́ lọ́dún 1785 pé kí ẹni tó fẹ́ ṣe ohun kan kọ́kọ́ wò ó bóyá òun lè fẹ́ kí ìlànà òun di òfin fún gbogbo ayé. Ẹni tó fẹ́ yá owó, tó ń ṣèlérí àtisan án nígbà tó mọ̀ pé òun kò ní í san án, ti kùnà níbẹ̀. Bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni yóò tún gba ìlérí gbọ́?

Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ Kant mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1797, Benjamin Constant bi í pé: bí apààyàn bá ń wá ọ̀rẹ́ ẹni tó sá pamọ́ sínú ilé ẹni ńkọ́? Constant ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí òótọ́. Kant kò gbà. Ó ní ọ̀rẹ́ náà lè ti yọ́ jáde. Bí irọ́ onílé bá lé apààyàn lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà, onílé ní ọwọ́ nínú ikú náà. Ìdáhùn yìí ṣòro gbà, pàápàá lẹ́nu ẹni tó ti ní kí a má fi àbájáde díwọ̀n ìṣe.

Àbájáde gan-an ni Jeremy Bentham àti John Stuart Mill gbára lé. Síbẹ̀, Mill kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú irọ́: ìgbẹ́kẹ̀lé ló gbé àwùjọ ró, ó sì yẹ kí ààlà wà fún ìgbà tí a lè fi òótọ́ pamọ́, bíi fún ọ̀daràn.

Ní ti Aristotle, tó ti kú láti ọdún 322 ṣáájú ìbí Kristi, irú ènìyàn tí ẹnì kan jẹ́ ló ṣe kókó. Ẹni tó ń sọ òótọ́ níbi tí kò sí èrè tàbí àdánù ni yóò sọ ọ́ níbi tó wà. (Ojú tí Yorùbá fi ń wo ọmọlúàbí sún mọ́ èyí ju ti Kant lọ.)

Lọ́dún 1930, W. D. Ross ní ojúṣe pọ̀: mímú ìlérí ṣẹ, ìmoore, àìṣeni-níbi. Bí méjì bá kọlura, èyí tó wúwo jù ló ń borí, ṣùgbọ́n èyí tó rẹlẹ̀ kò torí ẹ̀ di asán. Kò ṣe òṣùwọ̀n kankan fún wọn. Ẹni tí ọ̀ràn bá dé bá ni yóò wò ó, tí yóò sì dá a.