Ta Ni Ó Jìnnà sí Ilé?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò bu iyì kún mi, ṣùgbọ́n bí ó bá lè ran ìdílé kan lọ́wọ́, mo gbà kí a gbọ́ ọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, wọ́n pè wá láti Tchetti pé ara Ìyá wa kò yá. Kùtọnu ni mò ń gbé. Paris ni àbúrò mi obìnrin ń gbé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwa méjèèjì gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà wa méjèèjì. Láti pápá ọkọ̀ òfurufú Charles de Gaulle ní Paris dé ti Cadjèhoun ní Kùtọnu, ó lé ní 4,700 kìlómítà. Ọkọ̀ á kọjá lórí Òkun Mẹditaréníà, á sì fò la aginjù Sàhárà já. Ó ń gbà tó wákàtí mẹ́fà. Ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà láti àríwá sí gúúsù, aago wọn sì dọ́gba ní oṣù Kejìlá.

Láti Kùtọnu dé Tchetti ńkọ́? Bohicon, Dassa, Savalou, kí a tó yà sí ìhà ààlà Tógò. Ó lé ní 250 kìlómítà. Ẹni tí ó bá tètè gbéra láàárọ̀ á débẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Àbúrò mi wọ ọkọ̀ òfurufú ní Ọjọ́rú, ilé mi ni ó sì sùn lálẹ́. Ní ìdájí Ọjọ́bọ̀ ó wí fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde kí a jọ máa lọ." Mo ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, ó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó wò mí, kò fèsì, ó gbé àpò rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Fadá ti fi òróró mímọ́ kun Ìyá. Ó mọ̀ mí, ó di ọwọ́ mi mú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ. Àbúrò mi ní títí di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni Ìyá ń sọ̀rọ̀, tí ó ń béèrè lemọ́lemọ́ pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Ṣé Kùtọnu ti wá jìnnà tó báyìí ni?" Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Àìkú, Ọlọ́run pè é.

Kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta yẹn nìkan ni ó ń dùn mí. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti fojú kan Ìyá gbẹ̀yìn. Owó ni mò ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, mo sì rò pé mo ti ṣe ojúṣe ọmọ.

Àbámọ̀ ni ó ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Òfin kẹrin pàṣẹ kí a bọlá fún òbí. Kò yọ ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí òbí yín ṣì ń bẹ láàyè ní Tchetti, ní Bantè, ní Savalou, ẹ má dúró de ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Kí Ọlọ́run fún àwọn òkú wa ní ìsinmi àìnípẹ̀kun. Àmín.