Láti Ṣàngó-Ọ̀tà Dé Ilé

Ẹ̀yin ìyàwó àti abiyamọ, bí ẹ bá gba ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, tí ẹ sì dé Ṣàngó-Ọ̀tà ní ìdájí, ẹ ó rí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń wọ́ lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọmọ Ọ̀tà. Wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ọkọ àwọn kan nínú yín sì wà láàárín wọn.

Bí ẹ bá wọ inú ìlú àwọn Àwórì gan-an, ẹ rántí James White. Ilẹ̀ Sàró ni wọ́n bí i sí, ọmọ àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá tí a kó lẹ́rú. Àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà ní 1842. Lẹ́yìn 1850 ni ìjọ CMS rán an wá síbẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Pípẹ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀, nítorí owó tí àwa ń fi ránṣẹ́ kì í pẹ́ nílé: aṣọ ẹbí ló ń gbé e lọ. (Èmi náà ti dá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí.)

Ẹ bá ọkọ yín jókòó kí ẹ tó pín owó oṣù. Ẹ yọ ti àwọn òbí sọ́tọ̀, kí ẹ sì fi díẹ̀ pamọ́ títí yóò fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ kan fún ọmọbìnrin agboolé yín. Nígbà ọdún, tí ẹ bá lọ sílé, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan jókòó tì í, kí ẹ kọ́ ọ bí a ṣe ń wọn aṣọ, kí ẹ sì kọ́ ọ bí a ṣe ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé.