Ìwé ABD Láti Inú Ilé Ìdáná

Gbogbo ẹni tí ó ń ka Sáàmù 119 ni ó mọ̀ pé ìpín 22 ni ó ní, ẹsẹ 8 sì wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà Hébérù kọ̀ọ̀kan ni ó ni ìpín tirẹ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ni pé orúkọ ohun àfojúrí ni púpọ̀ nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ń jẹ́. Alefi ni akọ màlúù, Beti ni ilé, Daleti ni ilẹ̀kùn, Memu sì ni omi. Àwọn àgbà ìgbàanì ya àwòrán nǹkan, wọ́n sì mú ìró tí ó ṣáájú nínú orúkọ rẹ̀, wọ́n fi í ṣe lẹ́tà. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Fòníṣíà ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì, ó dé Róòmù, kí ó tó wá kan àwa náà.

Mo sọ èyí fún kíláàsì mi ní Ìlaròó. Mo ní kí olúkúlùkù wo inú ilé ìyá rẹ̀ yíká, kí a lè rí ohun èlò kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú lẹ́tà 25 ti èdè Yorùbá, kí a sì fi ṣe ABD tiwa.

Ìṣòro pàdé wa lójú ẹsẹ̀. Fáwẹ́lì ni ó sábà máa ń ṣáájú nínú orúkọ nǹkan ní èdè wa. Ìkòkò, odó, ọlọ, awo, ìgbálẹ̀, ẹní, òòyà: kò sí ọ̀kan tí kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lóòótọ́ fìtílà wà fún F, ṣùgbọ́n àlejò ni fìtílà. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni ó gbà bá wa wọlé. Ọmọdébìnrin kan ni ó là á. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí a fi ti iwájú sílẹ̀, kí a mú èyí tí ó tẹ̀ lé e.” Báyìí ni ìkòkò di K, odó di D, ọlọ di L, asẹ́ di S. Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni ìgbálẹ̀, nítorí pé ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo tó fún GB, nígbà tí a ní láti so lẹ́tà Róòmù méjì pọ̀ fún ìró kan yìí. Aṣọ pẹ̀lú gba Ṣ láìsí àmì nísàlẹ̀. Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó lé lórí ní Èkó ní oṣù January 1875, nígbà tí wọ́n ń ṣe ètò bí a ó ti máa kọ Yorùbá. U nìkan ni ó ta kókó, títí ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan fi rántí pé ulé ni bàbá òun ń pe ilé.

Nígbà tí a fi omi ṣe M, inú mi dùn pé Hébérù àti Yorùbá pàdé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ègùn ní bí òun bá fi han ìyá òun, S ni yóò kà á sí, nítorí pé *sin* ni wọ́n ń pe omi. Kò sí ẹni tí ó lè jà á níyàn, pàápàá ní agbègbè ààlà tiwa níhìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àrokò àwọn baba wa ti rí. Ẹyọ owó mẹ́fà wí pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ìró ẹ̀fà. Mẹ́jọ wí pé ọ̀rọ̀ wa jọ, nítorí ìró ẹ̀jọ. Etí Yorùbá nìkan ni ó lè gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà. Nínú àkọsílẹ̀ Àlùfáà C. A. Gollmer ti C.M.S., tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885, ọkùnrin kan tí ogun Dàhòmì kó ní Abẹ́òkúta pa àrokò sí ìyàwó rẹ̀ láti oko ẹrú. Ó di òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan àti àkísà pọ̀. Ara rẹ̀ ṣì le bí òkúta, ṣùgbọ́n ọ̀nà iwájú dúdú bí èédú. Ọkàn rẹ̀ ń ta á bí ata, ó ti gbẹ bí àgbàdo náà, aṣọ ọrùn rẹ̀ sì ti gbó tán. Èdè yòówù kí aya náà máa sọ, èédú kò lè funfun lójú rẹ̀.

ABD wa ṣì wà lára ògiri. Ọmọ Ègùn náà ń ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó ti ya igbá omi sí abẹ́ S, wọ́n sì ń wá ohun tí yóò bọ́ sí àyè M.