Èdè Àjèjì Tí A Kọ́ Tí A Kò Sọ Mọ́

Ó máa ń dùn mí wọra bí mo bá gbọ́ tí ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ èdè àjèjì ní ilé-ìwé ń wí pé òfo ni làálàá òun já sí, nítorí pé òun kò rí ẹni bá sọ ọ́ mọ́. Harry Bahrick, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, dán ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn tó kọ́ èdè Sípáníìṣì ní ilé-ìwé wò, títí kan àwọn tí wọ́n ti kúrò níbẹ̀ láti nǹkan bí 50 ọdún, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1984 pé ọdún 3 sí 6 àkọ́kọ́ ni ìgbàgbé ń ṣọṣẹ́ jù, àti pé èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn náà lè dúró digbí fún 25 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ: ẹni tó kọ́ ọ jinlẹ̀ ni tirẹ̀ ṣẹ́kù jù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ Faransé, ọdún díẹ̀ tó wà níwájú yín yìí gan-an ni kí ẹ ṣọ́. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti pa tiyín tì, ẹ ṣí ìwé àtijọ́ yẹn; àtúnkọ́ kì í pẹ́ tó àkọ́kọ́kọ́, Hermann Ebbinghaus ará Jámánì ti fi èyí hàn láti 1885.